Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìtàn Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà

Ojú omi ni òyìnbó gbà wọ Èkó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa, kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ wá bá Ọba Kòsọ́kọ́. Ó ní kí ọba jáwọ́ nínú òwò ẹrú, ó sì fẹ́ kí Akíntóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, padà sórí oyè. Àwọn ará Èkó lé wọn padà. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, ti múra sílẹ̀: wọ́n gbẹ́ yàrà sí etí ọ̀sà, wọ́n to àgbá sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ri òpó igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ ọ̀tá má baà rọ́nà gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kejìlá ń lọ sópin, ọkọ̀ ogun tún dé. Bloodhound àti Teaser wọ inú ọ̀sà, ẹ̀rọ ló ń wà wọ́n, wọn kò dúró de atẹ́gùn. Àwọn méjèèjì há sórí iyanrìn, ìbọn Èkó sì dà lé wọn lórí. Nígbà tó yá, ọta oníná balẹ̀ sí ilé etu ìbọn Òṣòdì Tápà, ó bú gbàmù, iná sì ran ìlú. Kòsọ́kọ́ gba orí omi lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó sọ ogun náà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ ogun mìíràn, Prometheus, dúró sí iwájú ìlú. Wọ́n jẹ́ kí Ọba Dòsùmú, ọmọ Akíntóyè, mọ̀ pé bí kò bá gbà, àgbá yóò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ó tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí níbòmíràn ní etíkun: ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi bá Nánà Olómù, olórí àwọn Ìtsẹkírì, jà ní Ebrohimi ní ọdún 1894, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì ṣáájú àwọn tó kó Bìní ní ọdún 1897.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ omi. Àwórì, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Ìjẹ̀bú etí omi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọ̀sà láti Àgbádárìgì dé Màhín. Wọ́n ń kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ onígi, wọ́n ń de ìbọn mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n sì ń fi í jagun. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò, ó ti Ẹ̀pẹ́ kó ọkọ̀ wá bá Èkó jà ní ọdún 1853. Ọ̀sà wà lọ́wọ́ wa. Òkun ni kò sí lọ́wọ́ wa, ẹni tó ni òkun ló sì pàṣẹ fún ọ̀sà nígbẹ̀yìn.

Ó yẹ ká rántí apá kejì ìtàn yìí náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ olówò ẹrú dúró lójú òkun, ó sì gba Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ ogun ojú omi tó gba Àjàyí sílẹ̀ ló tún fi iná sun Èkó. Ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fẹ́ ni ọkọ̀ ogun ń ṣe. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó bá ní etíkun tí kò sì ní ọkọ̀ tirẹ̀ yóò máa dúró de àánú àwọn ẹlòmíràn.

Láti Marine dé ọdún 1956

Nígbà ìjọba òyìnbó, iléeṣẹ́ tí à ń pè ní Marine ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1887. Nígbà tí wọ́n pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní ọdún 1914, ti ìhà méjèèjì di ọ̀kan, wọ́n sì ń pè é ní Nigeria Marine. Iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ogun lọ: ó ń gbẹ́ iyanrìn kúrò lọ́nà ọkọ̀, ó ń gbé lẹ́tà àti èrò kọjá odò, ó ń tọ́ ọkọ̀ àlejò sọ́nà wọ èbúté. Síbẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́, ọkọ̀ Marine wà lára àwọn tó lọ jà ní Kamẹrúùnù. Inú iléeṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́.

Láàárín ọdún 1955 sí 1956 ni wọ́n pín Marine. Apá kan di àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, apá kan ń mójú tó odò inú ilẹ̀, ìyókù sì di ọmọ ogun ojú omi. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1956 ni wọ́n ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí. Òyìnbó ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀, ìyẹn Skutil, lẹ́yìn náà Kennedy. Ọkọ̀ tó tóbi jù lọ́wọ́ wọn nígbà náà jẹ́ àlòkù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kàn fún pípa bọ́ǹbù inú omi nígbà ogun àgbáyé kejì. Hare ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Nigeria. Kò lo ọdún púpọ̀ kó tó di àpatì.

Ní ọdún 1963, tí orílẹ̀-èdè di olómìnira tí kò ní ọbabìnrin lórí mọ́, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Royal kúrò lára orúkọ iléeṣẹ́ náà. Ní ọdún 1964, òfin tuntun mú iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò, ọmọ Nàìjíríà sì di olórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Joseph Akinwale Wey ni orúkọ rẹ̀. Calabar ni wọ́n bí i sí, ọdọ̀ Marine ló sì ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 1939. Ẹni tó ti fọwọ́ kan epo ẹ́ńjìnnì kó tó gba oyè ni olórí wa àkọ́kọ́. Ibùdó ọmọ ogun ojú omi tó wà ní Ọ̀jọ́ ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tó wà ní Àpápá sì ń jẹ́ Beecroft títí dòní.

Ogun abẹ́lé

Ọdún mẹ́ta péré ni Wey ti lò lórí oyè tí ogun fi dé. Ní ọdún 1967, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí wọ́n dí etíkun ìlà-oòrùn kí ohun ìjà má baà wọ Biafra, ìhà tó ti yapa, kí epo rọ̀bì má sì jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kò pọ̀. Èyí tó lágbára jù ni Nigeria tuntun, tí wọ́n kàn ní Netherlands. Àwọn ará Biafra ti gba ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ibadan, wọ́n sì ń lò ó.

Ní ìparí oṣù keje ọdún yẹn, ọmọ ogun ojú omi kó àwọn ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lọ sí Bonny. Nelson Soroh ló ṣáájú àwọn ọkọ̀. Wọ́n ri ọkọ̀ Ibadan sínú omi níbẹ̀, wọ́n gba erékùṣù náà, ẹnu ọ̀nà epo Biafra sì tì pa. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún gba orí omi wọ Calabar. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún ọdún 1968, Port Harcourt ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Biafra kò sì ní etíkun mọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn yìí kó fi ìparí rẹ̀ pamọ́. Òkun tó dí mọ́ ìbọn ni ó dí mọ́ oúnjẹ. Ebi pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlà-oòrùn, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti yé àwọn olórí ológun wa pé ẹni tó bá di ẹnu òkun mú, ó di ọ̀fun orílẹ̀-èdè mú. Ó yẹ kí ó yé àwa ará ìlú náà pé agbára bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin àti lábẹ́ ojú aráàlú.

Owó epo, ọkọ̀ tuntun

Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì ń ya wọlé. Ní ọdún 1978, ìjọba kéde pé omi òkun tó tó 370 kìlómítà láti etíkun wa jẹ́ ibi tí ẹja àti ohun àlùmọ́ọ́nì rẹ̀ jẹ́ tiwa. Etíkun wa fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi 850 kìlómítà. Omi tó gbòòrò báyìí kò ṣeé fi ọkọ̀ kéékèèké ṣọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Wọ́n ra Dorina àti Otobo ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1972, wọ́n sì tún ra Erinomi àti Enyimiri níbẹ̀ nígbà tó yá. Erinmi ni orúkọ gbogbo wọn, ní èdè oríṣiríṣi ilẹ̀ wa. Láti Jámánì ni Ambe àti Ofiom ti wá, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ọmọ ogun àti ọkọ̀ ìjà gúnlẹ̀ sí etí òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1981, ọkọ̀ mẹ́ta tó yára tó sì gbé mísáìlì dé láti Jámánì, mẹ́ta mìíràn, tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ekun, sì dé láti ilẹ̀ Faransé. Akíntúndé Àdùwò, ọmọ Òde-Ayé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ni ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi láti ọdún 1980 sí 1983, nígbà tí ọkọ̀ ń dé lẹ́sẹẹsẹ.

Èyí tó borí gbogbo wọn ni Aradu. Ní Hamburg ni wọ́n ti kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1982. Ó gùn tó mítà 125, ó ní àgbá ńlá níwájú, ó ní mísáìlì tó lè lu ọkọ̀ lọ́nà jíjìn, ó sì ní ààyè fún hẹlikópítà lẹ́yìn. Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ní irú rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1988 fi máa parí, Nàìjíríà tún ti gba ọkọ̀ méjì láti Ítálì tó ń wá bọ́ǹbù inú omi kiri. Bí a bá ka iye ọkọ̀ nìkan, a ó sọ pé a ti dé ibi tí à ń lọ.

Ìgbà tí ìdọ̀tí bo ẹ́ńjìnnì

A kò tí ì dé ibẹ̀. Kí ọkọ̀ ogun tó lè máa ṣiṣẹ́, ó ní láti máa wọ ibi àtúnṣe lóòrèkóòrè, kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n ha ìdí rẹ̀, kí wọ́n kùn ún. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ń pààrọ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Faransé, Netherlands àti Ítálì ni wọ́n ti kó ọkọ̀ wa jọ. Nítorí náà ẹ̀rọ wọn kò bára mu, páàtì ọ̀kan kò wọ ara èkejì, ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀kan kò dandan mọ ti èkejì. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989 tí gbèsè sì gun orílẹ̀-èdè lórí, owó ìtọ́jú ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ ti lọ, ọkọ̀ sì dúró sí èbúté tí iyọ̀ òkun ń jẹ ẹ́.

Aradu fúnra rẹ̀ rí ìjàǹbá ní ọdún 1987, ọdún púpọ̀ ló sì fi wà lẹ́nu àtúnṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìjọba ológun ń lọ sópin, àwọn ọkọ̀ tó lè jáde lọ sójú òkun gidi ti dín kù gan-an. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìròyìn ìgbà yẹn ló burú. Ní ọdún 1990, nígbà tí Làìbéríà ń jóná, ọkọ̀ wa wà lára àwọn tó kó ọmọ ogun ECOMOG, ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ sí Monrovia. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ ti ọmọ ogun ojú omi ní Victoria Island ní Èkó. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ibùdó yẹn ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí Aradu dé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ló rántí rẹ̀.

Àìsàn tó wà lára ẹ̀rọ ń ran ìwà. Ní ọdún 2003, wọ́n mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ African Pride pẹ̀lú epo rọ̀bì tí wọ́n fura pé wọ́n jí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ náà pòórá níbi tí wọ́n dè é mọ́. Ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ ológun jókòó, wọ́n sì dá àwọn ọ̀gá ńlá méjì tí oyè wọn jẹ́ Rear Admiral lẹ́bi. Ìtìjú ńlá ni fún orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ogun tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè rìn, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì tó jẹ, wà nítòsí ìdánwò ju ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ.

Gbèsè àìtọ́jú

Àwọn aráàlú ló san gbèsè yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, àwọn ajìjàgbara Niger Delta wa ọkọ̀ kéékèèké lọ bá iléeṣẹ́ epo Bonga, tó wà ní nǹkan bíi 120 kìlómítà sínú òkun. Àwọn ènìyàn ti rò pé ibẹ̀ jìn ju kí ọ̀tá lè dé lọ. Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn ajìjàgbara náà dé Èkó fúnra rẹ̀, wọ́n kọlu ibi tí wọ́n ti ń já epo sí ní Atlas Cove, ènìyàn márùn-ún sì kú.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ajalèlókun yí ojú sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 2011, wọ́n kọlu ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Kútọnu léraléra. Àwọn oníléeṣẹ́ adójútòfò ní London ka omi orílẹ̀-èdè Benin mọ́ ibi eléwu, owó tí ọkọ̀ ń san gbéra, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì yẹra. Ìlú tó ń fi owó èbúté jẹun wà nínú wàhálà, ọjà tó sì ń lọ sí Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà fara gbá a. Yayi Boni, ààrẹ Benin nígbà náà, ké sí Nàìjíríà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọkọ̀ Nàìjíríà àti ti Benin jọ ń ṣọ́ omi náà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ní ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pàdé ní Yaoundé, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn pé àwọn yóò máa fún ara wọn ní ìròyìn, àwọn yóò sì jọ máa lé olè ojú òkun.

Àtúntò

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún agbo ọkọ̀ tò. Ní ọdún 2011, Amẹ́ríkà fún wa ní ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun kan tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Thunder, ní ọdún 2013 sì ni ó rìn títí dé Australia láti bá àwọn ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè mìíràn tò fún àyẹ̀wò. Ìkejì rẹ̀, Okpabana, dé lẹ́yìn náà. Láti China ni Centenary àti Unity ti wá, ní ọdún 2015 àti 2016. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kan ọkọ̀ Lana, tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun tó sì ń ya àwòrán rẹ̀. Kada, tó ń gbé ọmọ ogun gúnlẹ̀, dé ní ọdún 2022.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú àtúntò yìí ni àwọn ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kàn ní Èkó. Andoni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012, Karaduwa ní ọdún 2016, Oji ní ọdún 2021. Kò sí èyí tó tóbi tó Aradu nínú wọn, àgbá wọn kò sì bani lẹ́rù bí tirẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ wa ló gé irin wọn, àwọn ló jó o pọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lára wọn, a kò ní láti dúró de àlejò kó tó di àtúnṣe.

Òfin náà dé. Ṣáájú, wọ́n lè mú ajalèlókun lónìí kí wọ́n má mọ ẹ̀sùn tí wọn yóò fi kàn án lọ́la. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ka ìwà ajalèlókun sí ọ̀ràn gidi ní Nàìjíríà. Ìdánwò rẹ̀ kò pẹ́ dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ apẹja àwọn ará China kan, Hailufeng, ní etíkun Côte d'Ivoire. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lọ́nà ń ta ara wọn lólobó bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ, ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà ká a mọ́, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n gba àwọn 18 tó wà níbẹ̀, wọ́n sì mú ajalèlókun 10. Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún méjìlá.

Wo bí nǹkan ṣe yí padà. Àjọ IMB, tó ń ka iye ìwà ajalèlókun káàkiri àgbáyé, sọ pé atukọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé lórí òkun ní gbogbo ayé ní ọdún 2020, 130 nínú wọn sì jẹ́ ní Gulf of Guinea wa yìí. Ní ọdún 2021, ìkọlù ní agbègbè wa lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, wọ́n sì yọ Nàìjíríà kúrò nínú àwọn ibi tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 2022. Ọkọ̀ tó ń rìn, ìròyìn tó ń tètè dé, òfin tó lè fìyà jẹni àti àwọn aládùúgbò tó fọwọ́sowọ́pọ̀ ló ṣe é. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ìyókù yóò wó.

Ewu tó ń bọ̀

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ewu tó ń bọ̀ lójú òkun wa, a ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Èkíní ni ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Ọ̀pọ̀ nínú wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà gba abẹ́ òkun wá gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà kan já nítòsí Abidjan, báǹkì àti iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ wa ló jìyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìyẹn kò ní ọwọ́ ọ̀tá nínú. Ronú sí ọjọ́ tí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Ọ̀pá tó ń gbé gáàsì lọ sí Benin, Togo àti Ghana náà wà nísàlẹ̀ òkun kan náà. Ọkọ̀ tó ń wo ìsàlẹ̀ omi, bíi Lana, yóò wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Èkejì ni pé èbúté ti ń sún sí ìlà-oòrùn Èkó. Èbúté jíjìn Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote sì ń lo òkun nítòsí rẹ̀. Ọkọ̀ epo tó tóbi ń gba ibẹ̀ kọjá, jàǹbá tàbí olè kan ṣoṣo níbẹ̀ sì lè ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2022, ọkọ̀ epo ràgàjì kan, Heroic Idun, sá mọ́ ọkọ̀ ogun wa lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Akpo, ó dé Equatorial Guinea kí wọ́n tó mú un padà. Ọkọ̀ tí kò lè sáré tó, tí kò sì lè dúró pẹ́ lójú òkun, kò ní wúlò fún irú ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ohun ìjà olówó pọ́ọ́kú. Ní Òkun Dúdú, Ukraine tí kò ní ọkọ̀ ogun ńlá ti fi mísáìlì ri Moskva, ọ̀gá ọkọ̀ Rọ́ṣíà níbẹ̀, ní ọdún 2022, wọ́n sì ń fi dróònù orí omi lé ìyókù. Ní Òkun Pupa, àwọn ọmọ ogun Houthi ti Yemen bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ oníṣòwò láti ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì yí gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lónìí lè dé ọwọ́ àwọn ajalèlókun wa lọ́la. Aradu mìíràn nìkan kò ní dá a dúró. Ohun tí a nílò ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó yára, ojú tó ń wo òkun tọ̀sán-tòru, àti àwọn ọ̀dọ́ tó mọ dróònù kàn tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń já a lulẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹja. Ọkọ̀ apẹja ńlá láti òkè òkun ń wọ omi wa láìgbàṣẹ, wọ́n ń kó ẹja tí apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn fi ń bọ́ ọmọ. Apẹja wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń rí ọkọ̀ àjèjì. Bí ọmọ ogun tó wà ní Ìgbókòdá àti Àgbádárìgì bá ń bọ̀wọ̀ fún wọn, wọn yóò sọ ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n bá ń na wọ́n tàbí tí wọ́n ń gba ẹja lọ́wọ́ wọn, wọn yóò pa ẹnu mọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dípò ojú wọn.

Nítorí náà, mo gbà pé ó yẹ kí ọmọ ogun ojú omi wa pọ̀ sí i, kí ọkọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni bí a ṣe ń ṣe é. A ti rà rí ní ọdún 1981, a sì rí i bí ó ṣe parí. Kí ìjọba má ra ọkọ̀ kankan láìkọ owó ìtọ́jú rẹ̀ fún ogún ọdún sínú ìṣúná. Kí wọ́n máa ra láti ilé iṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè bára mu. Kí wọ́n jẹ́ kí ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ ti Èkó àti ti Port Harcourt máa kan ọkọ̀ lọ́dọọdún láìsinmi, kí ẹni tó kan Oji má baà gbàgbé iṣẹ́ kí ọkọ̀ tó kàn tó dé. Kí wọ́n sanwó atukọ̀ dáadáa, kí wọ́n sì fi òfin mú ọ̀gá tó bá jí epo bí wọ́n ṣe ń mú ọmọdé tó jí garawa kan. Nígbà tí ọ̀gá àgbà bá sì dé iwájú àwọn aṣòfin láti béèrè owó, kí wọ́n má bi í léèrè iye ọkọ̀ tó ní. Kí wọ́n bi í pé mélòó nínú wọn ló lè jáde lónìí, kí wọ́n sì bi í pé ọjọ́ mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lò lójú òkun lọ́dún tó kọjá. Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ni agbára orílẹ̀-èdè lórí omi.